Ọyún Inú Itan Ẹlẹ́rìn-ín

Òkúta ìpọ́nbẹ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Òkúta lásán, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó sì ti jẹ tán láàárín. Ní ilé ìpẹran, ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ àárọ̀, alápatà kan tó jẹ́ ọkọ Aláró nawọ́ mú òkúta náà láìtọrọ. Alápatà tó ni ín, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, sọ fún un pé ẹni tó bá fẹ́ pọ́n ọ̀bẹ kó lọ wá òkúta tiẹ̀. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, bó ṣe ń fi ẹ̀rín sọ gbogbo nǹkan, àwọn tó wà níbẹ̀ sì bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ọkọ Aláró kò rí gbé mì. Ó gbá a létí, Ẹlẹ́rìn-ín gbá a padà, wọ́n wọ̀yá ìjà lórí ilẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ màlúù ti mú kó máa yọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó là wọ́n, ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń tú ìfun ẹran ti wọ itan Ẹlẹ́rìn-ín dé èèkù. Ọkọ Aláró fà á yọ, ó sì tún gún un lẹ́ẹ̀kejì. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ẹ̀kejì yẹn sọ́kàn, torí ti àkọ́kọ́, èèyàn lè dì í ru ìbínú.

Ọlọ́pàá gbé ọkọ Aláró lọ. Nígbà tí wọ́n mú ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ níbi iṣẹ́, gbogbo èèyàn ń wo ojú rẹ̀ bóyá yóò dákú. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun kọ́kọ́ fọ ọwọ́ òun ná.

Láàbù ilé ìwòsàn ni obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì sọ ọ́ ní Aláró. Kòkòrò àìlèfojúrí ló ń pa láró, kí wọ́n lè hàn lábẹ́ awò tó ń mú kí nǹkan tóbi. Ọdún mẹ́tàdínlógún tó ti ń ṣe é ti sọ ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di àwọ̀ àlùkò, ọṣẹ kankan kì í bó o. Ọkọ rẹ̀ máa ń sọ pé ìka yẹn ń rí òun lára nídìí oúnjẹ. Ó ti lù ú nítorí ìka. Ó ti lù ú nítorí ọbẹ̀, nítorí òjò, nítorí pé ó dákẹ́, nítorí pé kò dákẹ́. Ó ti yọ eyín rẹ̀ kan, ó ti fi irin ìdè bẹ́líìtì bó o láwọ lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Aláró sá lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Nígbà kejì, ọkọ náà tẹ̀ lé e débẹ̀, ó sì ṣẹ́ apá ẹ̀gbọ́n náà lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Aláró kò ti sá mọ́.

Ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́, ó sì fẹ́ tù ú nínú. Ó ṣàlàyé fún un pé bí ẹni tí wọ́n gún bá kú, ìpànìyàn ni, ọkọ rẹ̀ ò ní wálé mọ́ láéláé, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n yẹgi fún un. Ṣùgbọ́n bí onítọ̀hún ò bá kú, ìjà ibi iṣẹ́ ni wọn yóò pè é. Oṣù díẹ̀, ó ti dé. Ó ní kó máa gbàdúrà. Aláró dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ sílé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, bí kò ṣe sùn láti ọdún mọ́kànlá tó ti fẹ́ ọkùnrin náà.

Ní ọjọ́ kẹrin, itan Ẹlẹ́rìn-ín wú tó òpó. Awọ rẹ̀ ti ń dúdú. Bí èèyàn bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ ń ró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ awọ bí ẹni ń tẹ yanrìn, òórùn rẹ̀ sì ti lé àwọn aláìsàn kúrò ní bẹ́ẹ̀dì méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, obìnrin kúkúrú kan tó ń yára sọ̀rọ̀, fi òwú gba ọyún inú egbò náà sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e wá sí láàbù lágogo méjì ọ̀sán.

Òfin láàbù ni pé ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan àyẹ̀wò ẹni tí ọ̀rọ̀ wọn bá so pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá Aláró ti lọ sìnkú ní ìlú mìíràn, ẹnì kejì wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Aláró ò fi pa mọ́, ó sọ fún dókítà pé ọkọ òun ló gún ọkùnrin náà. Dókítà wò ó bí ẹni wo aago.

"Ṣé ẹ lè ṣe é àbí ẹ ò lè ṣe é?"

Aláró ní òun lè ṣe é.

Nǹkan kan ṣoṣo ni dókítà fẹ́ mọ̀, ìyẹn irú ògiri tí kòkòrò inú itan yẹn mọ yí ara rẹ̀ ká. Gbogbo wọn ló ní ògiri. Omi inú wọn ń tì wọ́n láti inú síta láìsinmi, ògiri yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n bẹ́. Ara àwa èèyàn ò ní irú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí oògùn tó ń ba ògiri jẹ́ fi lè pa kòkòrò kó sì dá ẹni tó gbé e sára sí. Àwọn kòkòrò kan mọ tiwọn nípọn, ìpele lórí ìpele. Pẹnisílíìnì ni ikú tiwọn, kì í jẹ́ kí wọ́n rí ògiri náà tún mọ bí wọ́n ṣe ń dàgbà, wọn yóò wú, wọn yóò sì bẹ́. Àwọn mìíràn mọ tiwọn fẹ́lẹ́, wọ́n wá fi awọ ọlọ́ràá bò ó lóde, irú pẹnisílíìnì tó wà nílẹ̀ nílé ìwòsàn náà kì í ráyè wọ ibẹ̀. Oògùn tiwọn yàtọ̀ pátápátá, kò sì lè ṣe àwọn ológiri nípọn inú egbò dúdú ní nǹkan kan.

Ẹ ó ní kí ló dé tí wọn ò fún un ní méjèèjì. Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín ti sọ pé wọ́n gún un ní pẹnisílíìnì nígbà tó wà ní kékeré, ọ̀fun rẹ̀ wú dí, díẹ̀ ló kù kó kú. Dókítà ò ní fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dánwò. Àfi bí àyẹ̀wò bá sọ pé ògiri nípọn ni, nígbà náà ni yóò gún un, yóò sì dúró tì í pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ń ṣí ọ̀fun. Bí àyẹ̀wò bá ní ògiri fẹ́lẹ́ ni, oògùn kejì ni yóò lò. Kò ju wákàtí kan tàbí méjì lọ tó kù fún ọkùnrin náà.

Aláró ra ọyún sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó jẹ́ kó gbẹ, ó fi kan iná. Ó da àró àlùkò lé e fún ìṣẹ́jú kan, ó ṣàn án, ó da áyódíìnì lé e fún ìṣẹ́jú kan kí àró náà lè lẹ̀, ó tún ṣàn án. Ó wá ku sípíríìtì, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Sípíríìtì máa ń yọ́ ọ̀rá ara ògiri fẹ́lẹ́, gbogbo àró inú rẹ̀ á sì ṣàn dànù. Ògiri tó nípọn á sún kì, á há àró mọ́nú. Bó bá yá, wọn á da àró pupa lé gbogbo rẹ̀. Èyí tó bá ṣì jẹ́ àlùkò, ògiri rẹ̀ nípọn. Èyí tó bá gba pupa, ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́. Àmọ́ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré ni sípíríìtì gbọdọ̀ lò. Bó bá pẹ́ jù, ògiri tó nípọn pàápàá á ju àró sílẹ̀, á wá gba pupa bíi ti ẹlòmíràn. Kòkòrò inú egbò tó ń dúdú ló sì máa ń tètè jù ú sílẹ̀ jù.

Ó gbé gíláàsì náà lé orí irin méjì tó dábùú agbada ìfọwọ́, ó mú ìgò sípíríìtì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán an. Ó ti ka ení, èjì, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí pẹ̀lú férémù rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró ló ti sọ fún àwọn ẹbí ẹni tó wà ní láàbù. Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rìn-ín ló ṣíwájú, alágbàrù kan tó ti fi ọrùn ru ẹrù títí ọrùn náà fi wọlé sáàárín èjìká. Ìyá wọn tẹ̀ lé e.

"Ìwọ ni ìyàwó ẹ̀," ni alágbàrù wí.

Aláró ní kí wọ́n dákun fún òun ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ. Mẹ́jọ péré. Ọkùnrin náà fi irun gbá a mú, ó sì gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ sẹ́nu. Orí Aláró lọ lu fíríìjì. Ìgò sípíríìtì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dojú dé sórí irin méjèèjì, ó ń dà gbọ̀ọ́gbọ̀ọ́ sórí gíláàsì. Ó rí i láti ilẹ̀ tó wà. Ó rá pálá lọ síbẹ̀, ó na ọwọ́, alágbàrù sì fi bàtà tẹ ọwọ́ náà mọ́lẹ̀, ó yí gìgísẹ̀ lórí rẹ̀. Ìyá náà bọ́ bàtà tirẹ̀, ó ń fi lù ú léjìká, ó ń bú u, ó ń sunkún. Ó ní ọkọ ti gún ọmọ òun tán, ìyàwó tún fẹ́ wá parí ẹ̀. Aláró ń pariwo pé kí wọ́n gbé gíláàsì kúrò níbẹ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́. Wọ́n rò pé ẹ̀mí ara rẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Alágbàrù rí ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ sí lára, ó ní wọn ò ní fi nǹkan ara àbúrò òun ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ó sì là á mọ́lẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta ló fi kóńdó lù ú kó tó jáde.

Nígbà tí ibẹ̀ pa rọ́rọ́, Aláró dìde. Ó tutọ́ ẹ̀jẹ̀ sínú agbada. Ó ṣan gíláàsì, ó da àró pupa lé e, ó gbé e sábẹ́ awò. Ìka ọwọ́ rẹ̀ kan ò ṣeé tẹ̀ mọ́.

Pupa ni. Gbogbo rẹ̀ pupa, àwọn ọ̀pá kéékèèké bí igi ìṣáná tó dànù. Ó ń yí gíláàsì náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé igun kan tí sípíríìtì kò tó dáadáa. Níbẹ̀, mẹ́ta tàbí mẹ́rin lára wọn ṣì jẹ́ àlùkò. Ó mọ ohun tó rí. Ògiri tó nípọn ni. Kì í ṣe pé ó rò ó, ó mọ̀ ọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́rin péré kò lè tó ẹ̀rí fún dókítà.

Ó tún mọ nǹkan mìíràn. Bó bá kọ "pupa" sórí ìwé, irọ́ kọ́ ló pa. Ohun tó wà lábẹ́ awò ni. Ìgò òwú náà ti fọ́ mọ́lẹ̀, àwọn ẹbí aláìsàn fúnra wọn ló fọ́ ọ, àwọn ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta sì rí wọn bí wọ́n ṣe ń lù ú. Kò sí ẹni tí yóò bi í ní nǹkan kan. Ẹlẹ́rìn-ín á gba oògùn kejì, á kú kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ rẹ̀ kò sì ní wálé mọ́ láéláé. Ó mú bírò, ó kọ ọ́. Pupa. Ọ̀pá. Ògiri fẹ́lẹ́. Inú rẹ̀ dùn. Mi ò ní parọ́ fún yín, inú rẹ̀ dùn gan-an, ó ń wo ìwé náà, ó ń rí ilé rẹ̀ láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Fóònù orí tábìlì dún. Dókítà ni. Ó ní òun ti fa oògùn kejì sínú abẹ́rẹ́, wọ́n ti so apá ọkùnrin náà, àwọ̀ wo ni?

Aláró tún ka ohun tó kọ.

"Àyẹ̀wò náà ti bà jẹ́," ló wí. "Ẹ má fún un ní nǹkan kan. Mò ń bọ̀ wá gba òmíràn."

Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, kò sọ fún dókítà. Ó fa ìwé náà ya, ó mú òwú tuntun, ó sì lọ sí wọ́ọ̀dù.

Alágbàrù ti padà sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìgbà tó rí i tó ń bọ̀, ó gbá a lójú kó tó lanu, ó fi apá aṣọ wọ́ ọ, aṣọ náà sì ya láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́. Ìyá náà ti gbé bàtà sókè. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Apá tó yọ jáde kì í ṣe apá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù lónìí. Ibì kan dúdú, ibì kan ti di àwọ̀ ọsàn, ibì kan jẹ́ àpá àtijọ́ tó gùn bí okùn, títí wọ abẹ́ ọrùn lọ.

"Èwo ni tiwa nínú gbogbo èyí?" ni ìyá bi í.

"Ẹnu mi, mà. Àti ọwọ́ yìí."

"Ìyókù ńkọ́?"

"Ti ẹni tó gún ọmọ yín ni."

Ìyá náà dúró. Bí ẹni tó ń ka ìwé tó ṣòro ló ṣe ń wo apá náà. Ó béèrè pé bí ọmọ òun bá kú, kí ni wọn yóò ṣe fún ọkùnrin yẹn, Aláró sì sọ ọ́ fún un bí ọlọ́pàá ṣe sọ ọ́ fún òun. Ìyá náà wọ bàtà rẹ̀ padà. Ó ní kí alágbàrù kúrò lọ́nà. Kò kúrò. Ìyá náà gbá a létí, àgbàlagbà ọkùnrin, ó sì kúrò.

Ẹni mẹ́rin ló di Ẹlẹ́rìn-ín mú kí dókítà tó rí ibi tí yóò tún la. Ó kígbe tí gbogbo wọ́ọ̀dù fi kọ orí sí ògiri. Ọyún ta sí àyà dókítà, ó ta sí ojú Aláró, kò nù ún, ó fi òwú gbà á, ó sáré padà. Ìyá náà tẹ̀ lé e wọ láàbù, ó dúró tì í lẹ́yìn, kò sì mí títí mẹ́wàá fi pé. Aláró ṣàn án, ó da pupa lé e, ó gbé ojú sí awò.

Àlùkò ni. Àlùkò látòkèdélẹ̀.

Wọ́n gún un ní pẹnisílíìnì. Kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọ̀fun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dí, ojú rẹ̀ yọ sóde, ó ń fi ẹsẹ̀ tó dáa gbá irin bẹ́ẹ̀dì, dókítà sì gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń ṣí ọ̀fun, ó tún gún un, ó gùn ún láyà, ó ń bú u pé kó mí. Ó mí. Lẹ́yìn náà, àwọn oníṣẹ́ abẹ gé ẹran tó ti kú lára itan rẹ̀, ó kún abọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà ó jẹun. Ní ọjọ́ kẹrin ó bi nọ́ọ̀sì léèrè bóyá wọ́n ti fi ẹran òun sọ́bẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ó ti bọ́.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni Aláró lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn irin pẹ̀lú àwọn mẹ́fà mìíràn. Wọ́n ti sọ fún un, ó ti sanra lójú díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ rí i?" ló wí fún àwọn tó kù. "Mo sọ fún yín pé ìyàwó mi ò ní jẹ́ kí wọ́n yẹgi fún mi."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún mọ́kànlá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó ní tóun bá dé, nǹkan máa yàtọ̀. Aláró sún mọ́ irin títí ó fi ń gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀, torí kò fẹ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Mo kọ ìwé tó máa pa ẹ́," ló wí. "Ó wà lọ́wọ́ mi. Inú mi dùn sí i."

Ọkọ rẹ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni.

"Kí ló wá dé tó ò fi mú un jáde?"

"Ọ̀bẹ ẹ ló bẹ̀rẹ̀, ìwé mi ni ì bá parí ẹ̀. Èmi pẹ̀lú ẹ là bá jọ pa á. Mi ò fẹ́ ká jọ ṣe nǹkan kan mọ́ láyé yìí, títí kan ìyẹn."

Ọwọ́ ọkọ náà gba àárín irin jáde kó tó pa ẹnu dé. Ó mú un lọ́rùn, ó fà á lu irin, ó tún fà á lu irin, iwájú orí rẹ̀ là. Ọlọ́pàá jẹ́jẹ́ ọjọ́sí fi kóńdó gbá ọrùn ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó tú u sílẹ̀, gbogbo wọn sì gbọ́ bí egungun ṣe ró. Ọkọ náà jókòó sílẹ̀, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra. Kò pariwo.

"Mà á jáde," ló wí.

"Mo mọ̀," ni Aláró wí. "Èmi ni mo tú ẹ sílẹ̀."

Ó jáde, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú àgọ́, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí ìró rẹ̀, ó sì sunkún bí ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Nígbà tó sunkún tán, ó fi etí aṣọ di orí rẹ̀, ó sì dìde lọ wá yàrá tí yóò háyà ní ìlú mìíràn.